Ẹyin ni iná, epo ni fìríìjì: bí ooru àti òtútù ṣe ń bá bakitéríà lò

Nílé tí mo ti dàgbà, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni ọbẹ̀ ń padà sórí iná: láàárọ̀ kí a tó jáde, àti lálẹ́ kí a tó sùn. Bí a bá gbàgbé lálẹ́, ọbẹ̀ á ti kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sẹ́ni tó dárúkọ bakitéríà fún wa nígbà náà, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ìyá wa ń bá jà.

Bakitéríà kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i. Kì í lóyún, kì í yé ẹyin. Ńṣe ló ń là sí méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan á tún là. Bó bá ti rí oúnjẹ àti omi, ooru ló ń sọ bí yóò ṣe yára tó. Ẹ wo E. coli tó ń gbé inú ìfun ènìyàn. Ní dígírì 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bí gbogbo nǹkan bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ló fi ń di méjì. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹyọ kan á di 8 láàárín wákàtí kan. Tó bá fi pé wákàtí méje, ó ti lé ní mílíọ̀nù méjì. Dígírì 37 yẹn sì ni ìgbóná ara wa. Ara wa ti mọ́ àwọn tó ń fún wa láìsàn lára. Ilé ìdáná wa lọ́sàn-án ò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i.

Kí ni ooru ń ṣe fún wọn gan-an? Purotéènì ló ń ṣe iṣẹ́ inú bakitéríà, bí ooru bá sì ń pọ̀ sí i, iṣẹ́ náà á máa yá. Ṣùgbọ́n tó bá ti kọjá ààlà, purotéènì á bàjẹ́ bí ìgbà tí a se ẹyin. Ẹyin tó ti jinná, ẹ ìbáà rì í bọ inú yìnyín, kò lè ṣàn mọ́. Ti òtútù kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ ti rí epo pupa nígbà ọyẹ́? Ọ̀rá wà nínú awọ tó bo bakitéríà, òtútù á mú un le, oúnjẹ ò ní ráyè wọlé dáadáa, iṣẹ́ inú rẹ̀ náà á sì falẹ̀. Àmọ́ epo tó dì ń yọ́ padà tí oòrùn bá yọ.

Ìdí nìyẹn tí ẹran inú fìrísà kì í fi í ṣe ẹran tí kòkòrò inú rẹ̀ ti kú. Púpọ̀ nínú wọn ń sùn ni. Iná mànàmáná lọ, yìnyín yọ́, wọ́n jí, wọ́n bá iṣẹ́ wọn lọ. Fìríìjì tó wà ní dígírì 4 ń dá ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ dúró, kì í ṣe gbogbo wọn: Listeria ń pọ̀ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni.

Ibi tí ó léwu jù ni àárín dígírì 5 sí 60, níbi tí oúnjẹ kò ti tutù tó, tí kò sì gbóná tó. Nítorí náà, ẹni tó kàn yá ọbẹ̀ lóoru díẹ̀ tó sì sọ ọ́ kalẹ̀, oúnjẹ ọ̀fẹ́ ló fún bakitéríà. Kó hó dé ìsàlẹ̀ ìkòkò ni. Bí àárín oúnjẹ bá dé dígírì 70 tó sì wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, ọ̀pọ̀ jù lọ ti kú.

Mo ní ọ̀pọ̀ jù lọ, nítorí àwọn kan gbọ́n. Clostridium perfringens lè sá wọ inú èèpo líle kan tí wọ́n ń pè ní spore, tí omi híhó ò ràn. Ìkòkò ńlá òde ìnáwó ló sì fẹ́ràn jù. Ọbẹ̀ ẹran tí wọ́n dé mọ́ra lálẹ́ á máa tutù díẹ̀díẹ̀, spore á jí, tó bá sì dé nǹkan bí dígírì 45, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí kòkòrò yìí fi ń di méjì. Ìgbẹ́ gbuuru ọjọ́ kejì òde, ẹ má tíì sọ pé ayé ló ṣe é. Kí wọ́n bu ọbẹ̀ náà sínú abọ́ kéékèèké ni, kó lè tètè tutù kó tó wọ fìríìjì.

Ìrẹsì ló wá burú jù lójú tèmi. Bacillus cereus, tí òun náà ní spore, ń pọ májèlé kan sínú ìrẹsì tó bá sùn síta, májèlé náà kì í sì í bá kòkòrò kú. Ẹ lè dín ìrẹsì náà títí yóò fi gbẹ, kòkòrò á kú, májèlé tó ń fa èébì á ṣì wà nínú abọ́. Jọ̀lọ́ọ̀fù tó bá sun orí tábìlì nílé mi, mo ń dà á nù ni, bó tilẹ̀ ń dùn mí.