Aago Kọ̀ǹpútà Tọ̀nà, Ti Káàdì Ńkọ́?

"Ẹ̀gbọ́n, aago kọ̀ǹpútà ti bá ti fóònù mi mu." Ohun tí àwọn àbúrò tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ní Kàbà máa ń sọ nìyẹn, wọ́n á sì fẹ́ máa lọ sílé. Ọ̀kun o, ẹ̀yin ọ̀gá aago. Aago wo lẹ wò?

Aago Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà yẹn, ló hàn lójú rẹ̀. Káàdì nẹ́tíwọ̀kì tó gbọ́ PTP, ọ̀nà tí àwọn ẹ̀rọ ń gbà pín àkókò tó péye gan-an lórí nẹ́tíwọ̀kì, ní aago tirẹ̀ nínú. Bí káàdì bá jẹ́ méjì, ẹ ó bá /dev/ptp0 àti /dev/ptp1 níbẹ̀, orúkọ tí Linux fi ń pe aago wọn. NTP tó ń tún aago kọ̀ǹpútà ṣe láti orí nẹ́tíwọ̀kì kì í sì í tọ́ wọn. Kí aago fi ìdá kan péré nínú mílíọ̀nù yà, mílísẹ́kọ́ndì 86 ni lóòjọ́. Iṣẹ́ PTP kò gba ìyẹn rárá.

Ibi tó ń bí mi nínú gan-an rèé. Ẹ fi ptp4l, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ PTP lórí Linux, sórí káàdì méjì tí aago wọn yàtọ̀, ó kọ̀. Ó yẹ kó kọ̀. Àwọn èèyàn mi á wá rí boundary_clock_jbod nínú ìṣètò rẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ di 1, ariwo á dákẹ́, wọ́n á ní ó ti bọ́ sí i. Kí ló bọ́ sí i? Ẹ kàn ní kí ptp4l gbójú kúrò ni. Kò sẹ́ni tó ń gbé àkókò láti káàdì kan lọ sí èkejì. Ètò míì, phc2sys, ló ń ṣe ìyẹn. Ẹ fi -a sí i, á bi ptp4l léèrè ojú káàdì (ihò okùn nẹ́tíwọ̀kì) tí àkókò ń gbà wọlé, á sì fi tọ́ àwọn tó kù. Bí ẹ bá fẹ́ kí aago Linux náà tẹ̀ lé e, ẹ fi -r kún un. Mo ti dé ibi tí wọ́n ti tan jbod tipẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ orúkọ phc2sys rí.

Ẹlòmíì rí i pé aago káàdì fi sẹ́kọ́ndì 37 ṣáájú ti Linux, ó bá fọwọ́ dá a padà. Ẹ fi sílẹ̀ jàre. TAI, àkókò aago átọ́míìkì, ni PTP sábà máa ń kà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ló sì ti fi sẹ́kọ́ndì 37 ṣáájú UTC tí aago Linux ń kà.

Tiyín lè má rí bẹ́ẹ̀ o. Káàdì olójú mẹ́rin míì wà tó jẹ́ aago kan ló ń lò. Àṣẹ ethtool -T á sọ fún yín. Kafé tó ń bá ọmọ ṣe fọ́ọ̀mù JAMB kò sì nílò wàhálà yìí, bóyá.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí chrony, ètò tó ń lo NTP, máa tún aago Linux ṣe nígbà tí phc2sys -r náà ń tún un ṣe. Awakọ̀ méjì kì í jọ wa ọkọ̀ kan lójú ọ̀nà Ọbajànà. Bí aago yẹn bá ń fò síwá sẹ́yìn, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó bú ẹni tó ta káàdì.