Ohun tí a fi ń ṣe ara ọkọ̀ onígbòkun fún ìrìnàjò agbami

Ara ọkọ̀ ni apá tó jókòó sínú omi, tó sì gbé gbogbo nǹkan yòókù dúró. Fún ọkọ̀ onígbòkun tó ń rìn jìnnà sí etíkun, fáíbà (ìyẹn fọ́nrán dígí tí wọ́n fi oje kẹ́míkà mú gan), irin, alumíníọ̀mù àti igi ni wọ́n sábà fi ń ṣe é. Àwọn kan ti fi sìmẹ́ńtì tí wọ́n rẹ́ sára wáyà ṣe é rí, àmọ́ ìyẹn kò wọ́pọ̀ mọ́.

Fáíbà ló gbòde láti nǹkan bí ọdún 1960. Kì í jẹrà, kì í sì í dógùn-ún. Omi a máa rọra wọ inú rẹ̀, tí ara ọkọ̀ á wá lé ròrò bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí, ṣùgbọ́n èyí ṣeé tún ṣe, agbára káká ló fi lè ri ọkọ̀. Ìforísọ àpáta ló yẹ kí a bẹ̀rù jù, torí fáíbà lè fọ́ níbi tí irin ti máa tẹ̀ lásán.

Ọkọ̀ onírin ni Joshua, ti Bernard Moitessier, atukọ̀ onígbòkun ọmọ ilẹ̀ Faransé. Lọ́dún 1982, ìjì gbé e gun etíkun Cabo San Lucas ní Mẹ́síkò. Ó tẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ, síbẹ̀ wọ́n tún un ṣe, ó sì padà di ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ojú omi ní La Rochelle, ilẹ̀ Faransé.

Inú lọ́hùn-ún ni ọ̀tá irin máa ń sá pamọ́ sí. Omi tó ń sẹ̀ sára irin tútù á ṣàn wálẹ̀, á dúró lábẹ́ táńkì àti lẹ́yìn ibùsùn, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́dà kò lè dé. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ onírin àlòkù wò fi ń mú òòlù kékeré dání: ibi tó ṣì nípọn á dún ketekete, ibi tí ògùn-ún ti jẹ á dún kú. Irin tún wúwo. Kúbíìkì mítà kan rẹ̀ tó 7,850 kìlógíráàmù, nígbà tí ti alumíníọ̀mù jẹ́ 2,700. Irin kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ọkọ̀ kékeré mu.

Alumíníọ̀mù kò nílò ọ̀dà lókè omi, ṣùgbọ́n òun àti bàbà kì í gbé pọ̀. Ọ̀dà oníbàbà tí wọ́n fi ń lé ewéko òkun kò gbọ́dọ̀ kàn án. Jíjó o pọ̀ pẹ̀lú gba gáàsì àti ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n, kì í sì í ṣe gbogbo èbúté lèèyàn ti lè rí ajórin bẹ́ẹ̀.

Igi ń fẹ́ ìtọ́jú ju gbogbo wọn lọ, torí ìjẹrà àti kòkòrò ajẹgi inú òkun. Síbẹ̀, ọkọ̀ onígi tíìkì ni Suhaili, tí Robin Knox-Johnston, atukọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá wà yí ayé ká láìdúró láàárín 1968 sí 1969. Kò tíì rin ìrìn náà jìnnà tí ọkọ̀ fi ń jò. Òun fúnra rẹ̀ ló bọ́ sínú òkun láti dí àlàfo àárín pákó.