Kí Wọ́n Tó Ju Eyín Ọmọ Sórí Òrùlé

Bí ọmọ bá káyín, eyín á dórí òrùlé kí aláǹgbá má baà rí i. Ìyá tó bá wà nílé ní Kétu lọ́jọ́ náà, kó kọ́kọ́ gba eyín ọ̀hún, kó wo ìdí rẹ̀.

Eyín tó ká lásìkò, ní nǹkan bí ọdún 6, kì í ní gbòǹgbò mọ́. Bí eyín àgbà ṣe ń gòkè bọ̀ lábẹ́ rẹ̀ ni ara ń jẹ gbòǹgbò náà tán díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí eyín iwájú ọmọ ọdún 2 tàbí 3 bá jáde tòun ti gbòǹgbò gígùn, tí ọmọ kò ṣubú, tí ẹran ìdí eyín kò wú, ó yẹ kí a fura sí egungun.

Eyín kì í wọ àgbọ̀n bí ìṣó ṣe ń wọ pákó. Okùn tíntìntín ló so ó yíká: orí kan wọnú egungun àgbọ̀n, orí kejì wọnú èèpo tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo gbòǹgbò, tí àwọn dókítà eyín ń pè ní cément. Nínú àìsàn àbímọ́ tó ń jẹ́ hypophosphatasie, èèpo yìí kì í dì dáadáa. Phosphatase alcaline, èròjà kan tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, ló yẹ kó máa fọ́ pyrophosphate, èròjà tí kì í jẹ́ kí kálísíọ̀mù dì sára egungun. Bí kò bá tó, pyrophosphate á pọ̀ jù. Ó wá dà bí èèkàn tí wọ́n fi ọbẹ̀ ilá pa: èèkàn le, okùn yi, ewúrẹ́ sì ti lọ, torí kò síbi tí okùn ti dì í mú.

Nínú àwọn ọmọ kan, egungun agbárí á tètè so pọ̀, orí á yí ìrísí padà, ojú á yọ síta. Nínú àwọn mìíràn, eyín nìkan ni àmì.

Ohun tó ń dunni ni pé bí ẹsẹ̀ ọmọ bá tẹ̀, rachitisme, àìsàn egungun rírọ̀ tí àìtó fitamin D máa ń fà, ni wọ́n máa ń pè é, wọ́n á sì fún un ní fitamin D. Nínú rachitisme, phosphatase alcaline máa ń ga. Nínú àìsàn yìí, ó máa ń lọ sílẹ̀, fitamin D sì lè mú kí kálísíọ̀mù ẹ̀jẹ̀ ga jù. Ìwé àyẹ̀wò ò ní tú àṣírí yìí bí wọ́n bá fi ìwọ̀n àgbà díwọ̀n ọmọdé, nítorí ti ọmọdé ló yẹ kó ga ju ti àgbà lọ. Àbùkù ńlá nìyẹn, nítorí láti ọdún 2015 ni oògùn tó ń fi phosphatase alcaline sí ara ti wà.

Eyín tí wọ́n bá dì sínú bébà lọ bá dókítà wúlò gan-an. Bó bá jẹ́ àìsàn yìí ni, lábẹ́ awò asọhun-kékeré-di-ńlá, gbòǹgbò rẹ̀ á hàn láìní èèpo tàbí pẹ̀lú èèpo tí kò dì dáadáa.