Ṣé a lè ṣe ẹ̀dà màlúù yín?

Àwọn tó ń sin màlúù máa ń bi mí pé: "Dókítà, èyí mà ń fún wàrà dáadáa o, ṣé ẹ ò lè bá mi ṣe irú ẹ̀ gẹ́lẹ́?" Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó ń ná ẹran.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe ẹ̀dà àgùntàn kan. Ní Roslin, lẹ́bàá Edinburgh ní Scotland, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ian Wilmut, Keith Campbell àtàwọn ẹgbẹ́ wọn mú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ tín-ín-rín tí ara fi kọ́, lára ọmú àgùntàn olójú funfun, ọlọ́dún mẹ́fà. Wọ́n gba ẹyin lára àgùntàn olójú dúdú, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gíláàsì tó tín-ín-rín ju irun lọ fa kókó inú rẹ̀, níbi tí ìlànà tirẹ̀ wà, jáde, wọ́n ti sẹ́ẹ̀lì ọmú wọlé síbẹ̀, wọ́n wá fi iná mànàmáná díẹ̀ so méjèèjì pọ̀.

Ibi tó le nìyí. Gbogbo ìlànà tí ara fi ń dá ẹran wà nínú sẹ́ẹ̀lì ọmú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọmú nìkan ló ṣì ń rántí. Ó gbọ́dọ̀ gbàgbé iṣẹ́ yẹn, kó padà di ọlẹ̀ ọjọ́ kìíní. Wọ́n fi ebi pa á fún ọjọ́ márùn-ún kó lè sinmi, kí ẹyin tó gbà á. Síbẹ̀, nínú 277 tí wọ́n so pọ̀, 29 péré ló dàgbà débi tí wọ́n fi lè gbé e sínú abo àgùntàn 13. Ọ̀kan ṣoṣo ló yè: Dolly, tí wọ́n bí ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, ọdún 1996. Olójú dúdú ló gbé oyún rẹ̀. Ojú tirẹ̀ funfun báláú, bíi ti èyí tí wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì lára rẹ̀. (Àrùn ẹ̀dọ̀fóró tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, tó ti mú àwọn àgùntàn míì níbẹ̀, ló mú kí wọ́n pa á lọ́dún 2003.)

Èmi ò ní bá yín fi ojú kékeré wo ìyà tó wà níbẹ̀. Oyún ń bàjẹ́, ọmọ màlúù míì ń tóbi jù débi tí a ó fi la ìyá rẹ̀ nínú, àwọn kan ò sì ní lè mí dáadáa.

Ẹ̀dà náà ò tún ní jẹ́ ẹran yín àtijọ́. Ìbejì rẹ̀ ni, tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ní Texas, ní ọdún 2001, wọ́n ṣe ẹ̀dà ológbò aláwọ̀ mẹ́ta. CC, ọmọ ológbò tí wọ́n bí, kò ní àwọ̀ ọsàn tí èyí àkọ́kọ́ ní rárá, torí pé inú oyún ni ara ti ń yan àwọ̀ tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan yóò gbé jáde.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wàrà: koríko, omi àti ìtọ́jú wà níbẹ̀. Dípò ẹ̀dà, ẹ ra àtọ̀ akọ màlúù tí ìyá rẹ̀ ń fún wàrà dáadáa, ká fi gún màlúù yín lóyún. Tí ọmọ náà bá dàgbà tó bímọ, ẹ máa wọn wàrà rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi.