Àárẹ̀ kì í mú irin

Mo tún rí i níbi tí ẹnì kan kọ ọ́ sí pé “àárẹ̀ irin” ló ń ba afárá jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló rí irin tó ń mí hẹlẹhẹlẹ rí? Òyìnbó ló sọ pé ó rẹ irin, wọ́n pè é ní “fatigue”, ìyẹn kí irin máa là díẹ̀díẹ̀ nítorí ẹrù tó ń gùn ún léraléra; àwa náà gbé e wá tegungun-tẹran.

Ẹni tó bá rẹ̀, bó bá sùn mọ́jú, agbára rẹ̀ á padà. Irin kò ní irú àǹfààní yẹn. Ẹ mú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń di rọ́ọ̀dù pọ̀ ní sáìtì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ojúkò ibi títẹ̀ náà á gbóná mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ gbé e jù síbẹ̀ di ọ̀la kó “sinmi”. Tẹ́ ẹ bá tún mú un, ibi tí ìyà rẹ̀ dé lánàá náà lẹ ó ti bá a lọ, títí á fi ṣẹ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní àtẹ̀túntẹ̀. Táyà ń tẹ bíìmù, ọ̀pá gbọọrọ tó gbé afárá dúró, mọ́lẹ̀, bíìmù fúnra rẹ̀ ń tẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gba méjèèjì. Ọ̀gá kan ta kò mí pé ó jọ títẹ ìwé. Àtúntẹ̀ ni ti ìwé, ẹ̀gbọ́n, àtẹ̀túntẹ̀ ni mo wí. Àwọn tó ń kọ “fàtíìgì” ńkọ́? Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, àmì ohùn tí ẹ fi sí i lórí kò ní jẹ́ kó mọ̀ ọ́n. “Gbígbó” náà kò ṣe é gbà: aṣọ tí kò kúrò nínú àpótí rí náà ń gbó.

Ó wá kan bíìmù àsopọ̀, èyí tí Òyìnbó ń pè ní “composite beam”. (Ẹ má pè é ní àdàpọ̀. Gààrì àti omi là ń dà pọ̀.) Irin wà nísàlẹ̀, kọnkéré wà lókè, ìṣó olórí tí wọ́n jó mọ́ irin ni kò jẹ́ kí wọ́n yọ̀ lára ara wọn. Ìṣó yìí, tó sábà máa ń nípọn tó mílímítà 19, ni mọ́tò ń fìyà jẹ. Bí ẹrù bá ti gorí afárá, kọnkéré á fẹ́ yọ̀, ìṣó á dì í mú. Ẹ̀ẹ̀kan kò jẹ́ nǹkan kan. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ìlà bí irun á là ní ìdí ibi tí wọ́n jó, kọnkéré iwájú ìṣó á rún, yíyọ̀ á máa pọ̀ sí i. Ìṣó tó bá ṣẹ́ á da ẹrù tirẹ̀ sọ́rùn àwọn aládùúgbò rẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà nínú agbára tó ń ti ìṣó, láàárín ìgbà tí ẹrù wà lórí afárá àti ìgbà tó kúrò, ni kẹ́ ẹ máa wò. Eurocode 4, ìwé ìlànà Yúróòpù fún ìkọ́lé tó so irin àti kọnkéré pọ̀, fi ìyàtọ̀ 90 N/mm² (bí agbára ṣe pọ̀ tó lórí mílímítà onígun mẹ́rin kan) sí mílíọ̀nù 2 ìgbà fún ìṣó yìí. Bí ìyàtọ̀ náà bá dín sí ìdajì, iye ìgbà tí ìṣó lè fara dà á á di ìlọ́po 256. Bó bá sì di ìlọ́po méjì, ẹ fi 256 pín in. Ẹ rántí tírélà tó ru àrùkọjá.

Láàárín 1958 sí 1960, ní Illinois, àwọn sójà Amẹ́ríkà ń wa ọkọ̀ ẹrù yípo lójú ọ̀nà ìdánwò, títí ẹrù fi gba ibẹ̀ kọjá ní ìgbà tó lé ní mílíọ̀nù kan. Bíìmù àsopọ̀ wà lára àwọn afárá kéékèèké ibẹ̀. Níbi tí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n jó mọ́ abẹ́ bíìmù parí sí ni irin ti bẹ̀rẹ̀ sí í là nínú àwọn kan.

Àtirí ti ìṣó le jùyẹn lọ, torí inú kọnkéré ló wà. Wọ́n á gbé ohun èlò ìwọ̀n kékeré kan sí ìpẹ̀kun bíìmù, níbi tí irin àti kọnkéré ti pàdé, wọ́n á wo bí ìkan ṣe ń yọ̀ lórí èkejì nígbà tí ọkọ̀ bá ń kọjá. Bí nọ́ńbà yẹn bá ń gòkè lọ́dọọdún, ó ṣeé ṣe kí ìṣó kan ti máa ṣẹ́ nínú lọ́hùn-ún.