Ẹni tó wọ kọ̀ǹpútà yín lẹ́ẹ̀kan kò gba kọ́kọ́rọ́ lọ

Àǹtí mi kan ń bá àwọn ènìyàn tẹ̀wé ní Òkèsà, ní Iléṣà. Ó pẹ́ tí wọ́n ti kọ̀ jálẹ̀ pé n kò ní gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti Ifẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà àwọn láti bá wọn tún un ṣe. "Ẹni tó bá ti wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ̀nà nìyẹn. Òru gan-an, wà á máa yọjú wo nǹkan mi." Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí ní Lágere, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ OAU. Ẹ̀rù náà nídìí, àmọ́ ibi tí wọ́n ń wò kọ́ ni ewu wà.

Bí ẹ bá ṣí AnyDesk, ètò tí wọ́n ṣe ní Jámánì, tó ń jẹ́ kí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn lo kọ̀ǹpútà yín, nọ́ńbà kan máa yọ. Àdírẹ́sì ilé ni nọ́ńbà yẹn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lè wá kanlẹ̀kùn. Ẹ̀yin lẹ ó tẹ Accept, ìgbàkígbà tó bá wá. Quick Assist, irú ètò bẹ́ẹ̀ tó wà nínú Windows, tún le ju ìyẹn lọ: ẹni tó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ló máa fún yín ní kóòdù tí ẹ ó tẹ̀ kó tó lè wọlé, láàárín ìṣẹ́jú 10, kóòdù náà ti kú. Bí ẹ bá sì pa ẹ̀rọ, tàbí tí dátà tán, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni máa gbà wọlé.

Prìńtà ló mú àǹtí mi gbà níkẹyìn. Ìwé àwọn oníbàárà há, kò sí èyí tó jáde, àwọn ènìyàn sì dúró sí ṣọ́ọ̀bù. Quick Assist la lò. Wọ́n kọ́kọ́ gbà kí n máa wò; wọ́n tún ní láti gbà lẹ́ẹ̀kejì kí ọwọ́ mi tó lè tẹ ohunkóhun. Mo dá Print Spooler, ètò tó ń to ìwé sílẹ̀ de prìńtà, dúró, mo kó ìwé tó há dànù, mo tún un tàn. Lágbede méjì, Windows béèrè àṣẹ, ojú kọ̀ǹpútà wọn sì ṣú mọ́ mi lójú. Àwọn ló ka ohun tó wà níbẹ̀ fún mi lórí fóònù, àwọn náà ló tẹ Yes. Ìgbà yẹn ni ọkàn wọn tó balẹ̀.

Ìgbà tí àlejò ṣì wà nínú ilé gan-an ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra. Ó lè da fáìlì kọ, ó lè ṣí ìmeèlì yín. Ó lè fi páásíwọọ̀dù sí Unattended Access nínú AnyDesk, tàbí kó fi ètò mìíràn sílẹ̀, kó sì máa wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Èyí ló lè sọ ọ̀rọ̀ àǹtí mi di òótọ́. Torí náà, ẹ má dìde níwájú ẹ̀rọ. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ wo Settings inú AnyDesk bóyá Unattended Access wà ní títàn. Bí ẹ kò bá lò ó mọ́, ẹ yọ AnyDesk kúrò pátápátá. Bí ẹni tí ẹ kò pè bá sì pè yín, tó ní báǹkì ló rán òun, tó ní kí ẹ ṣí AnyDesk, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé fóònù. Kò nílò kọ́kọ́rọ́ kankan, ọwọ́ yín ló fẹ́ fi ṣílẹ̀kùn.

Ní báyìí, bí prìńtà bá tún há, àǹtí mi á pè mí, n ó ka kóòdù fún wọn. Wọ́n á fa àga sún mọ́ ẹ̀rọ, wọn kì í sì í kúrò níbẹ̀ títí n ó fi jáde.