Sáìtì Yìí Ni Ọ̀gá Wáyámàn Kò Mọ̀

Ilé alájà mẹ́ta kan ń gòkè ní Adó-Èkìtì. Bíríkìlà ti to blọ́ọ̀kù dé àjà kejì, àwọn lébìrà ń po kọnkéré, àwọn tó ń ká irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wáyámàn kan àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì kó irinṣẹ́ wọn dé láti Ìkẹ́rẹ́. Bàbá náà ti ń fa wáyà láti bí ọdún 20 sẹ́yìn. Ohun tí kò mọ̀ ni pé àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n tẹ́ sí igun àjà kejì, ihò ló wà lábẹ́ rẹ̀, níbi tí páìpù omi máa gbà kọjá.

Nítorí irú ihò bẹ́ẹ̀ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àbò ṣe wà fún ẹni tó bá gba iṣẹ́ lábẹ́ agbaṣẹ́ṣe. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́ wáyámàn níṣẹ́ rẹ̀. Sáìtì ni wọ́n fẹ́ fi mọ̀ ọ́n. Ọrùn agbaṣẹ́ṣe àgbà, tí gbogbo sáìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2015 lórí iṣẹ́ ilé kíkọ́ sọ ọ́ di dandan fún un.

Ẹnu géètì ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kọ orúkọ olúkúlùkù, iṣẹ́ tó wá ṣe, nọ́ńbà fóònù ẹbí tí wọ́n lè pè, àti àìsàn tí kò yẹ kí èèyàn fi gun òkè, bíi wárápá. Wọ́n á wo akoto àti bàtà. Ẹni tó wọ sílípáàsì kò gbọdọ̀ kọjá géètì.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rìn yí ká, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ náà gan-an wà. Ẹni tí wọ́n kàn ka ìwé fún nínú ọ́fíìsì kò tíì rí sáìtì. Ilẹ̀ Èkìtì jẹ́ ilẹ̀ òkè àti àpáta. Tí wọ́n bá gbẹ́ ìpìlẹ̀ sí ẹsẹ̀ àpáta, bí irú àwọn ibi tó wà nítòsí àpáta Ọlọ́súnta ní Ìkẹ́rẹ́, òjò tó rọ̀ sínú kòtò nìkan kọ́ ni wọ́n ní láti bẹ̀rù. Àgbàrá á ya láti orí àpáta wọ inú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kòtò tó le koko lánàá á sì rọ̀. Yẹ̀pẹ̀ tó gùn ní mítà 1, tó fẹ̀ ní mítà 1, tó ga ní mítà 1, wúwo ju tọ́ọ̀nù 1 lọ. Bó bá ya lu èèyàn dé àyà, onítọ̀hún lè má rí èémí mí mọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi àkàbà tí wọ́n á gbà jáde hàn wọ́n, tí wọ́n sì ń kó òkìtì yẹ̀pẹ̀ jìnnà sí etí kòtò.

Wáyà iná tó kọjá lẹ́bàá ilé náà tún ńkọ́? Iná 11,000 fóltì lè fò mọ́ irin kí irin tó kàn án. Ẹni tó máa gbé ọ̀pá irin gígùn gòkè gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀gbẹ́ tí kò gbọdọ̀ gbà. Wọ́n á fi ibi tí típà ti ń padà sẹ́yìn hàn wọ́n, ibi tí àpótí oògùn wà, ibi tí gbogbo ènìyàn máa pé jọ sí bí iná bá sọ, àti ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn jù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ sáìtì ti ń kùnà ni pé fóòmánì nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ náà gbé ewu dání. Wẹ́dà gbọ́dọ̀ sọ pé òun máa jó irin lórí àjà kejì, kí wọ́n lè kó tíńà pẹ́ńtà kúrò nísàlẹ̀ kí iná tó já sí i. Bí kò bá sọ, ta ni yóò mọ̀?

Èdè tún wà níbẹ̀. Kì í ṣe ọmọ Èkìtì nìkan ló ń ṣe lébìrà; Ẹ̀gbìrà àti Tiv wà níbẹ̀, wọ́n sì máa ń ní láti fi pijin bá wọn sọ ọ́. Ọ̀nà tó dára jù láti mọ̀ bóyá ó yé wọn ni kí wọ́n bi wọ́n padà. Òṣìṣẹ́ àbò tó jẹ́ ọmọ ọdún 26 kò lè máa jágbe mọ́ wáyámàn tó tó bàbá rẹ̀. Á ní, “Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ ṣíwájú, ẹ fi ihò tá a rí lókè hàn mí.” Bàbá á na ìka, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ náà á rí i.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á fọwọ́ síwèé, tàbí kí wọ́n tẹ ìka. Ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n tún ti béèrè ta ló ń san owó NSITF, ìyẹn àpò ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà tí wọ́n fi ń ran òṣìṣẹ́ tó fara pa lọ́wọ́, lórí àwọn ọmọ iṣẹ́ náà. Òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá owó sí àpò náà, bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 1 nínú 100 owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ni orúkọ wọn kò sí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ọjọ́ tí wọ́n bá já bọ́ láti òkè ni wọ́n tó ń mọ̀.

Olúkúlùkù ni wọ́n ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà fún. Lébìrà tí bàbá wáyámàn lọ gbà lójú títì lọ́sàn-án kò tíì gba ẹ̀kọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá rẹ̀ ti gbà á láàárọ̀. Ẹnu géètì ni yóò dúró sí títí fóòmánì yóò fi mú òun náà gòkè. Ní àkókò yẹn, wọ́n ti gbé àpò sìmẹ́ńtì yẹn kúrò, wọ́n ti kan pákó tó nípọn bo ihò náà, wọ́n sì ti fi ọ̀dà pupa kọ IHÒ sí i lórí.